Ààtàn Ìgbà Ọ̀yọ́-Ilé, Ààtàn Ìgbà Tiwa

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agboolé kan ṣe lọ́lá tó, ẹ̀yìnkùlé ni yóò wò, níbi tí ààtàn wà. Agboolé tí èèyàn kún inú rẹ̀, tí iná kì í kú lórí ààrò, tí àlejò ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà, ààtàn rẹ̀ á ga bí òkè kékeré: eérú lórí eérú, àpáàdì lórí àpáàdì, egungun ẹran, èèpo iṣu, háhá àgbàdo. Bí agboolé bá ń tú, ààtàn rẹ̀ náà á dẹ́kun gíga, koríko á sì bò ó.

N kò mọ iṣẹ́ mìíràn tó bu ọlá fún ààtàn bí iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn. Ohun tí àwọn baba ńlá wa kó dànù ni wọ́n ń wá kiri. Arókin lè sọ ìtàn bí ọba ṣe fẹ́ kó rí. Òyìnbó arìnrìn-àjò lè kọ èyí tó yé e, kó fi èyí tí kò yé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó da eérú sẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ kò sọ ìtàn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ilé jẹ lálẹ́ àná, ohun tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó já bọ́ lára ọmọ rẹ̀ láìmọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Inú irú ààtàn bẹ́ẹ̀ ni a ti lè fojú rí bí ayé òde òní ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ayé tí ọjà tí wọ́n ṣe ní òdìkejì òkun ti wọ ilé ìdáná ẹni tí kò rí òkun rí.

Ọ̀yọ́-Ilé ni ọkàn mi máa ń lọ bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wọ ìlú náà pẹ̀lú Richard Lander tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Aláàfin Májòótú ló gbà wọ́n lálejò. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta ni ìlú náà wà, pé odi yí i ká, pé ẹnubodè mẹ́wàá ló ní. Ó rí òpó àti ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Odi tó rí yẹn kì í ṣe ti eré. Nígbà tí àwọn olùwádìí Robert Soper àti Patrick Darling wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1970, ilẹ̀ tí gbogbo odi náà yí ká lé ní 5,000 hẹ́kítà. Babátúndé Agbájé-Williams, tó fi Ọ̀yọ́-Ilé ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1983, fojú bù ú pé àwọn tó gbé ibẹ̀ nígbà tó lókìkí jù lè wà láàárín 60,000 sí 140,000. Ìlú ńlá ni, lójú ẹnikẹ́ni, ní ibikíbi láyé ìgbà náà.

Kò tó ọdún 15 lẹ́yìn àbẹ̀wò Clapperton tí gbogbo rẹ̀ fi dahoro. Ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ogun Eléduwẹ̀ tó pa Aláàfin Olúewu, ìyàn, ìdààmú: ará ìlú di ẹrù, wọ́n kọrí sí gúúsù. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, wọ́n sì pe ibi tí wọ́n ti wá ní Ilé, nítorí kò sí orúkọ mìíràn tó tọ́ sí i lọ́kàn wọn. Igbó ni lónìí. Ní 1991 ni agbègbè náà di ọgbà ìpamọ́ ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó. Ẹfọ̀n àti ìgalà ń jẹ̀ níbi tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ ti ń so ẹṣin. Odi ti wó di ebè gígùn tí igi hù lórí rẹ̀. Lórí àpáta, ojú ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan ṣì jin kòtò, ó ṣì ń gba omi òjò dúró.

Awalẹ̀pìtàn Frank Willett wa ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957. Bó ṣe máa ń rí ní gbogbo ibi tí Yorùbá ti gbé rí, àpáàdì kì í wọ́n. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ amọ̀ mọ̀ pé ìkòkò tó bá dán jù máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi bá kàn án, nítorí náà ni àwọn amọ̀kòkò ṣe ń fín ara rẹ̀ kó tó gbẹ. Àwọn kan fi okùn lílọ́ yí i, àwọn kan fi igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣùkù àgbàdo yí i. Ẹ bá mi rò ó wò. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti ṣẹ̀ wá. Ọkọ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ ní 1492 ló mú kó tàn ká gbogbo ayé. Obìnrin kan sun àgbàdo jẹ tán, kò ju ṣùkù rẹ̀ nù, ó fi yí ìkòkò tútù, ojú ibi tí wóró àgbàdo ti bọ́ sì wà lára amọ̀ náà títí di òní. Irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ láti Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́-Ilé wà lára ohun tí Willett gbé yẹ̀ wò nígbà tó ń wádìí bí àgbàdo ṣe dé ilẹ̀ wa. N kò rí ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọba tó fọwọ́ sí i, kò sí akọ̀wé tó kọ ọ́. Ọwọ́ amọ̀kòkò ló jẹ́rìí.

Báyìí, ta ni yóò sọ pé àgbàdo kì í ṣe tiwa? Ògì, ẹ̀kọ, ègbo, àádùn, gúgúrú. Ẹ̀gẹ́ náà wọlé bẹ́ẹ̀, àti ata, àti ànàmọ́, àti tòmátì. Ṣáájú wọn, ìyẹ̀rẹ̀ àti ataare ni ilẹ̀ wa ní tó lè ta ahọ́n. Bí ẹ bá jókòó ti ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata lọ́sàn-án òní, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ló pọ̀ jù nínú àwo yẹn.

Lẹ́yìn àgbàdo, owó ẹyọ ni ohun èkejì tó ti òkè-òkun wọ ààtàn wa, òun náà sì jìnnà ní ìrìn. Omi òkun tó yí erékùṣù Maldives ká, ní gúúsù ilẹ̀ India, ló ti ń wá. Díẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ wọlé láti àríwá kí Potogí tó dé. Lẹ́yìn tí Potogí dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o. Láti Maldives ó ń lọ sí India, láti ibẹ̀ sí Amsterdam àti London, níbi tí wọ́n ti ń lù ú ní gbàǹjo, kó tó tún wọ ọkọ̀ mìíràn wá sí etíkun wa. Láàárín 1700 sí 1790 nìkan, bíi bílíọ̀nù 10 ẹyọ ni àwọn oníṣòwò Holland àti England kó wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń kà á: 40 nínú okùn kan, okùn 50 di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ẹrù ọkùnrin kan gírígírí. Kí wọ́n tó lè sín in, wọ́n gbọ́dọ̀ dá ẹ̀yìn rẹ̀ lu. Ẹyọ tí wọ́n bá wú jáde nínú ilẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, owó tí ọwọ́ ti ná ni.

Ohun tí a fi rà á ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Ní Glẹ́húè, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Ouidah, apá ńlá nínú owó orí ẹrú, ẹyọ ni wọ́n fi ń san án. Ìkarahun tí kò tó ìka ọmọdé wọlé, ọmọ èèyàn jáde. Nígbà tó di 1845, ilé iṣẹ́ Hertz ti ìlú Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti Zanzibar, èyí tó tóbi ju ti Maldives, tí òrùka aláwọ̀ wúrà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pọ̀ yanturu, iye owó ẹyọ sì já wálẹ̀. Ẹni tó ti ri ọ̀kẹ́ mélòó kan mọ́lẹ̀ de ọjọ́ ogbó hú u, kò ra ohun tó yẹ kó rà mọ́. Àwa tí náírà ń yọ́ lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́ mọ bó ṣe ń rí lára. Fún awalẹ̀pìtàn, irú ti Zanzibar yìí wúlò gan-an: bó bá pọ̀ nínú ìpele ilẹ̀ kan, a jẹ́ pé ìpele náà súnmọ́ ìgbà àwọn bàbá bàbá wa. Lónìí, ara adé, ara ère ìbejì, ọrùn ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn oge, àti orí ẹní àwọn tó ń da ẹ̀ẹ́rìndínlógún ni ẹyọ kù sí. Ó ti padà di ohun ẹwà àti ohun Òrìṣà. Inú mi dùn sí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè rí i kí n má ronú kan àwọn tó lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìkòkò tábà, òun ni n kò lè sáré kọjá lórí rẹ̀. Nínú ààtàn tó ṣáájú ìgbà òwò orí òkun, ẹ ò ní bá a. Bí a bá gòkè dé ìpele ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: orí ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọ́n fín ọnà sí, tí wọ́n ń ki esùsú tàbí igi oníhò bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn kò kó o wá láti ibì kan, àwọn amọ̀kòkò tiwa ló mọ ọ́n. Tábà tí wọ́n ń fi fà ló wọ ọkọ̀ wá. Èyí tí àwọn ará etíkun wa fẹ́ràn jù ni ti Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Ewé tí kò dára tó èyí tí wọ́n ń kó lọ sí Lisbon ni wọ́n máa ń lọ́ bí okùn, wọ́n á fi oyin ìrèké pa á lára, wọ́n á ká a, wọ́n á fi awọ wé e. Oyin yẹn ló jẹ́ kó dùn, kó sì máa run dáadáa. Glẹ́húè ń béèrè rẹ̀, Àjàṣẹ́ ń béèrè rẹ̀, Àgbádárìgì àti Èkó náà ń béèrè rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé tábà wá láti Bahia, ẹrú ló ń gbé padà.

Ta ló sì ń gbin tábà náà ní Bahia? Àwọn ẹrú. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e dé ìdí. Wọ́n kó ọmọ kan láti òkè wá sí etíkun, wọ́n tà á, ó wọ ọkọ̀, ó gúnlẹ̀ sí Salvador, wọ́n fi í sí oko tábà. Ewé tó kó lóko la ká, tí a wé, tí ọkọ̀ gbé wá sí Àjàṣẹ́, tí alájàpá rù gòkè, tí àgbàlagbà kan fi sínú ìkòkò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi, tó fà á, tó tú èéfín jáde. Òórùn oko tí ọmọ wà ló ń kan imú ìlú tó ta ọmọ. Àwọn méjèèjì kò mọ̀.

Ọ̀yọ́ ta àwọn èèyàn lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà tó lágbára, pàápàá láti Àjàṣẹ́. Nígbà tó ń wó, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń tà. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Nàgó ní Brazil, tí wọ́n ń pè ní Lukumí ní Cuba. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó, dìde ogun ní ìgboro Salvador. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́-Ilé wà lójú ikú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ to ọdún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ìlú kékeré kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbajúmọ̀ tó ti Ọ̀yọ́-Ilé, tó sì yẹ kó gbajúmọ̀: Ẹdẹ-Ilé, níbi tí Tìmì Àgbàlé tí í ta ọfà iná ti jókòó kí Ẹdẹ tó wá sí ibi tó wà báyìí. Ọ̀yọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Akínwùmí Ògúndìran, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tuntun kan jáde ní 2020, wa ilẹ̀ níbẹ̀. Egungun ẹṣin wà nínú ilẹ̀ náà, ẹyọ wà níbẹ̀, ìkòkò tábà wà níbẹ̀. Lókè ilẹ̀, igi oṣè ṣì dúró, igi ilẹ̀ ọ̀dàn tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fẹ́ràn, tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn ará àríwá ti gbé ibẹ̀ rí. Ohun tó ń wú mi lórí nínú iṣẹ́ Ẹdẹ-Ilé ni pé ó fi hàn pé ohun òkè-òkun kò dúró sí ààfin Aláàfin nìkan. Ó ti dé ọwọ́ àwọn tó wà ní ẹ̀yìn odi ìjọba, àwọn tí ìtàn ẹnu kò dárúkọ wọn.

Kí ayé tó rí báyìí, irú ọjà wo ni àwa ń ṣe fún ara wa? Ifẹ̀ ló ní ìdáhùn tó dùn jù. Ní Igbó Olókun, ní àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn baba wa ń yọ́ dígí. Olùwádìí Leo Frobenius ti rí àmì rẹ̀ ní 1910, ṣùgbọ́n iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá ní ọ̀rúndún tiwa yìí ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun èlò ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe dígí náà, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ èyí tí wọ́n rà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ni ó rí níbẹ̀, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí rin jìnnà kúrò ní Ifẹ̀ kọjá odò Ọya. Nígbà tó yá, iná yẹn kú. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice dé, ti Bohemia tẹ̀lé e, ó pọ̀, ó pọ́n, ó sì ń dán. Àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ di àwọn tó ń rà á. Irin náà rí bẹ́ẹ̀: òkìtì ìdàrọ́ wà káàkiri oko wa, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy sì tẹ àkọsílẹ̀ jáde ní 1904 nípa àwọn tó ṣì ń yọ́ irin nítòsí Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí irin ọkọ̀ fi pa ààrò wọn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló tún sọ èèyàn kan di ẹni tí n kò lè gbàgbé. Ní 1991, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ ilé ìjọba ní ìsàlẹ̀ Manhattan, ní New York, wọ́n kan itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà. Egungun èèyàn 419 ni wọ́n kó jáde. Láàárín wọn ni obìnrin kan wà tí wọ́n ti pá eyín rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìlú tó ti wá, tí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100 àti owó ẹyọ sì yí ìdí rẹ̀ ká. Ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà ló sùn sí itẹ́ náà, n kò sì ní fi tipátipá sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìyá wo nílẹ̀ wa ni kò mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí jẹ́? Ìyá ló ń sín in fún ọmọ. Àwọn tó sin obìnrin yìí, tí wọn kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn, kò bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀. Ní 2003, wọ́n tún gbogbo wọn sin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lórí ààtàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igo gba ilẹ̀. Igo ṣìnáàpù aláwọ̀ ewé, onígun mẹ́rin, ti Holland, ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ẹ ó sì rí àfọ́kù àwo tánńganran tí wọ́n tẹ òdòdó sí lára ní England. Ṣìnáàpù wọ inú àdúrà ìgbéyàwó, ó wọ inú ètò ìwúyè, débi pé ọmọ tí a bí lónìí lè rò pé òun ni Odùduwà gbé wá. Tánńganran ní tirẹ̀ ṣe ohun kan ní òkè-òkun tí mo fẹ́ kí gbogbo Yorùbá mọ̀. Ní ilé, inú àwo amọ̀ ni ọta Ọ̀ṣun àti ti Yemọja ń gbé, pẹ̀lú omi. Àwọn Lukumí ní Cuba kò rí amọ̀kòkò Ìjàyè tàbí ti Ìlọrin mọ́. Wọ́n wo tábìlì àwọn tó kó wọn lẹ́rú, wọ́n rí àwo ọbẹ̀ ńlá onídèérí tí ń dán, wọ́n sì gbé Òrìṣà wọn sínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, tánńganran aláwọ̀ ofeefee fún Ọ̀ṣun, aláwọ̀ omi òkun fún Yemọja. Ògún ní tirẹ̀ ń gbé inú ìkòkò irin. Àwo tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ olówó ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọ di ilé Òrìṣà. Bí awalẹ̀pìtàn kan bá rí àfọ́kù rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tí kò bá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn tó ń sin ín, yóò rò pé ọbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà kí ike tó gbòde ṣì bá ìyókù ayé ìṣáájú. Ààtàn wà lẹ́yìn ilé, ìbẹ́pẹ ń hù lórí rẹ̀ láìgbìn, tẹ̀tẹ̀ ń hù, tòmátì wẹ́wẹ́ ń so, adìẹ ń tan ilẹ̀ káàkiri. Ìkòkò tó fọ́ kì í tíì kú. Àpáàdì rẹ̀ la fi ń lọ fọn iná nílé ẹlòmíràn, òun ni a fi ń yan ẹ̀pà, òun ni a fi ń bu omi fún adìẹ. Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ní Ifẹ̀, wọ́n ní Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwòó, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀, ni ó bá ní kí wọ́n máa to àpáàdì sí ilẹ̀ ìgboro. Àpáàdì títò yẹn ṣì wà lábẹ́ ilé àti ọ̀nà níbẹ̀, ó rẹwà, wọ́n tò ó ní ìbú, wọ́n gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Òṣogbo pẹ̀lú, ohùn láti inú odò ló bá àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó wí nítorí ìkòkò aró tí igi tí wọ́n gé fọ́. Ìlú tí ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dá lórí ìkòkò fífọ́, ṣé ẹ lè rí irú rẹ̀ níbòmíràn?

Ààtàn tiwa lónìí wà lójú gọ́tà. Ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà, ike, àfọ́kù fóònù, ìledìí ọmọ, ìgò ike tí òjò ń gbé lọ sí ọ̀sà. Kò sí ohun tó lè hù lórí rẹ̀, kò sì ní jẹrà. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC wà lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá wa ilẹ̀ Muṣin ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta sí i yóò mọ ẹni tó ta omi náà. Kò ní rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Àpáàdì Ọ̀yọ́-Ilé kò ní orúkọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtàǹpàkò kan etí rẹ̀, ẹ ó bá ojú àtàǹpàkò obìnrin tó mọ ọ́n, ó sì lè gba tiyín wọ́ọ́wọ́ọ́. N kò sọ pé kí a padà sí ìkòkò amọ̀. Ìyá tó fi orù pọn omi láti odò lọ sílé mọ bí ike ṣe fúyẹ́ tó, ẹ̀bùn ni lójú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ń dín kù, a kò sì ṣe tán láti tọ́jú ohun tí ọwọ́ ìṣáájú fi sílẹ̀.

Ní Èkó, ní Tinúbu, ilé kan wà tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá kọ́ ní bíi 1855. Ilé Fernandez ni. Àwọn ará Èkó mọ̀ ọ́n sí Ilọ́jọ́ Bar. Àwọn tí àwọn òbí wọn rọ́kọ́ ní oko ìrèké àti oko tábà ló kó ọgbọ́n bíríkì àti fèrèsé alágbàáyí yẹn wálé. Ní 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ní New York, òfin ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ wa ilẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́lé ìjọba, òun ló jẹ́ kí wọ́n rí obìnrin onílẹ̀kẹ̀ yẹn, ariwo àwọn ọmọ Áfíríkà ìlú náà ló sì dá iṣẹ́ ilé dúró títí wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún àwọn òkú.

Pópó Àgùdà àti Campos ṣì ní ilé Àgùdà díẹ̀, àti ẹ̀yìnkùlé díẹ̀ tí wọn kò tíì da kọnkéré lé. Nínú ilẹ̀ yẹn ni àwo Bahia yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣaasùn Ìjàyè, àti owó ẹyọ ìkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílè àkọ́kọ́. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn. Ilé tó bá kàn láti wó ní àdúgbò náà, kí ẹni tó ni ín ránṣẹ́ sí wọn kí katapílà tó dé, kó fún wọn ní oṣù díẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti asẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ààtàn.